Obìnrin Tó Ń Dán Àbáyọ Wò

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni pé kó máa forí sọ ògiri. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn fún ẹni tó bá bi í léèrè, onítọ̀hún á sì rẹ́rìn-ín, á rò pé àwàdà ló ń ṣe. Àwàdà kọ́. Láàárọ̀, á gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé sọ̀kalẹ̀ láti yàrá tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé lókè, á wọ yàrá ńlá ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀ kí oòrùn má baà tàn sójú kọ̀ǹpútà, á jókòó, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹni inú géèmù gbá ògiri kiri: igun yìí, igun tọ̀hún, abẹ́ tábìlì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ibi tí ẹni náà bá ti gba inú ògiri kọjá bí iwin, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá há sínú àga, ibẹ̀ ni àléébù wà. Òun ló gbọ́dọ̀ rí i kí ẹni tó máa ra géèmù tó rí i.

Kó tó débẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ló wà. Bí wọ́n bá rán aṣọ tán, òun ni wọ́n ń kó o fún kó yẹ̀ ẹ́ wò: ojú rírán tó bá yà, bọ́tìnì tó bá wọ́, apá kan tó bá gùn ju èkejì lọ. Kò sí èyí tó ń bọ́ mọ́ ọn lójú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní aṣọ kan ti pé, èsì kan ṣoṣo ló ní, "Tún un wò." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Tún-un-wò nìyẹn, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e délé ọkọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ni ilé, òun náà ló ni iṣẹ́. Ọkùnrin gíga ni, olóhùn jẹ́jẹ́, tí kì í bínú sí èèyàn lójú gbangba. Nígbà tí bàbá wọn kú, àbúrò ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ síléèwé. Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó sì fi èrè ibẹ̀ rán àbúrò níwèé títí ìyẹn fi di ọ̀mọ̀wé nínú ètò kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn náà nínú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wúwo. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó wí pé, "Ìyàwó wa, wá fi ojú rẹ tí kì í ṣìnà yẹn ràn wá lọ́wọ́," kò síbi tí obìnrin náà fẹ́ gbà kọ̀. Ó fi ilé iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ wá síyàrá aláṣọ dúdú.

Àbáyọ ni wọ́n pe géèmù náà. Ilé gogoro kan ló wó lulẹ̀. Ìwọ tí ò ń ṣe eré náà wà lábẹ́ rẹ̀ pátápátá, o sì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà dé òkè, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Láyé ìgbà yẹn, àpótí inú géèmù kàn jẹ́ àwòrán àpótí ni; bí o ta á nípàá látàárọ̀ dalẹ́, kò ní mì. Ti Àbáyọ yàtọ̀. Pákó ní ìwúwo pákó, irin ní ti irin. Bí o bá fa igi kan yọ lábẹ́ òkìtì, ohun tó wà lórí rẹ̀ á ya wálẹ̀, á sì ya bó ṣe yẹ kó ya gan-an. Wọn ò la ọ̀nà kankan sílẹ̀ fún ọ. Bí o bá lè gbé àga ka tábìlì kí o gùn ún, gùn ún. Bí o bá lè fi ọ̀pá irin ya ilẹ̀kùn, yà á. Lójú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ méjèèjì nìkan lo ń rí, àwọn lo fi ń ṣe ohun gbogbo.

Ọkọ Tún-un-wò ló kọ òfin tó ń mú nǹkan wúwo, tó ń mú un yọ̀, tó ń mú un já bọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí obìnrin náà tó di òṣìṣẹ́ wọn rárá, ọkọ rẹ̀ pè é sísàlẹ̀ kó wá wo nǹkan. Ó ti gbé àkàbà kan ti ògiri nínú kọ̀ǹpútà. Ó fi ọwọ́ inú géèmù kan ẹsẹ̀ àkàbà náà pẹ́, àkàbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó wá yára, ó balẹ̀ gbì, ó ta sókè lẹ́ẹ̀kan, ó dùbúlẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n rin lábíyá.

"Tún un ṣe," ó wí.

Ó tún un ṣe. Ọ̀tún ni àkàbà wó sí lọ́tẹ̀ yìí.

"Kò ṣubú bíi tàkọ́kọ́."

"Kò ní ṣubú bákan náà láyé," ọkọ rẹ̀ dáhùn, ojú rẹ̀ ń dán bíi tọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló mọ ẹni tí òun fẹ́.

Àmọ́ àkàbà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí wọ́n wá kó ẹrù kún ilé gogoro náà ni ọ̀rọ̀ di ọ̀tọ̀. Àwọn kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Bí o bá gbé àga kan lé èkejì, á rì sínú rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó bá ṣe, bí ẹni tí orí rẹ̀ padà wálé, á fò sókè, á forí sọ àjà. Ọwọ́ ẹni inú géèmù á lọ́ sẹ́yìn bí ọwọ́ tó yẹ̀ lóríkèé. Kéèyàn fi gbé ife kan lásán á di ìjàkadì. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mí fúkẹ́fúkẹ́, àwòrán á máa wọ́ bí ìgbín. Tún-un-wò á rí àléébù kan, á pe ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ á dí ihò náà, méjì á là lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni yàrá ìkẹ́rùsí tó wà lájà kẹta. Kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, torí inú rẹ̀ ni okùn tí èèyàn máa fi gun òkè wà. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin mẹ́ta ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bí èjìká rẹ bá ṣèèṣì kan èyí tó wà láàárín, á gbọ̀n, á ṣubú lu ilẹ̀kùn, á sì wọ inú ilẹ̀kùn náà débi tí àwọn méjèèjì á fi di ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ kò lè gbé e, ọ̀pá tó wà níbẹ̀ kò lè ṣí i. Kò sí ohun tó máa pa ọ́ níbẹ̀. O kàn wà níbẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, wọn ò ṣe Àbáyọ kí èèyàn lè fi ibi tó dé pa mọ́ láàárín ọ̀nà. Bí o bá há, àfi kí o pa gbogbo rẹ̀ kí o padà sábẹ́ ilẹ̀, kí o tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ gbìyànjú. Ó dín ìwúwo kọ́bọ́ọ̀dù kù, kọ́bọ́ọ̀dù ń fò káàkiri bí ìyẹ́ adìẹ. Ó yí ilẹ̀kùn kó máa ṣí síta, àwókù tó wà níta dè é mọ́lẹ̀. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó fi ọwọ́ méjèèjì há àárín itan, ó ń wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ẹ̀gbọ́n máa ń kó gbogbo wọn jọ yí tábìlì gígùn kan ká. Ó ti sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé kò sóhun tó wà nínú ilé yẹn tí ọwọ́ ò lè gbé, ó sì ti dá ọjọ́ tí géèmù máa jáde. Ọjọ́ náà ti yẹ̀ rí. Kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ mọ́. Á bi oníkálukú bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, oníkálukú á ní ó ń lọ dáadáa. Ẹnì kan ṣoṣo ló là á mọ́lẹ̀, ìyẹn Ayàwòrán, obìnrin tó ń ya ògiri àti ilẹ̀kùn inú géèmù. Ó ní bí wọ́n bá kó ìdajì ẹrù yẹn dànù, kí wọ́n sì kan àwọn kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri, géèmù á rìn. Ẹ̀gbọ́n ò bínú. Ó wolẹ̀ títí, bí ẹni tí wọ́n dójú tì láàárín ọjà, ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ṣé ó máa ṣeé ṣe, àbí kò ní ṣeé ṣe?"

Tún-un-wò wo ọkọ rẹ̀.

"Ó máa ṣeé ṣe, Ẹ̀gbọ́n," ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Kí oṣù náà tó parí, Ayàwòrán ti di ẹrù rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bi Tún-un-wò pé ṣebí òun náà rí i, kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ayàwòrán lè bínú lọ sílé. Òun ńkọ́? Orí iṣẹ́ rẹ̀ ni ilé rẹ̀ wà. Bó bá bínú kúrò nísàlẹ̀, òkè ló máa gùn lọ, abẹ́ òrùlé Ẹ̀gbọ́n náà ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ó bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ara wọn tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó ń tú okùn bàtà.

"Sọ fún un pé kò tíì pé," obìnrin náà wí.

Ọkọ rẹ̀ ò gbójú sókè. "Ṣé o mọ ohun tó fi sílẹ̀ torí mi?"

"Mo mọ̀. Ta ni ò mọ̀?"

"Bí mo bá ní mi ò lè ṣe é, géèmù kọ́ ni mo sọ pé kò dáa. Èmi ni ọjà tó fi ayé ẹ̀ rà."

Obìnrin náà ní ó dáa, ṣé kí òun wá bá Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́. Ìyẹn ló mú kí ọkọ rẹ̀ gbójú sókè, ẹ̀rù sì ti wà nínú rẹ̀. Ó ní ìyàwó ilé ni obìnrin náà. Wọ́n á ní òun ló wá da àárín ọmọ ìyá méjì rú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa sọ lóòótọ́, àwọn méjèèjì mọ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Wọ́n jẹun, wọ́n lọ sùn.

Láti ìgbà yẹn, yàrá ìkẹ́rùsí bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gòkè. Bó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀ kọjá, á fa èjìká sẹ́yìn láìmọ̀. Bó bá gbé ife kalẹ̀, á kọ́kọ́ dúró wò ó bóyá á gbọ̀n. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó wá kí òun, á ní ó di ìgbà tí géèmù bá jáde. Ìyá rẹ̀ á ní, "Àbáyọ tí ò jẹ́ kéèyàn jáde nílé," á sì dágbére fún un.

Ọjọ́ ìfihàn pé. Àwọn tó máa kó géèmù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù gbogbo wá pẹ̀lú àwọn oníwèé ìròyìn, wọ́n kún yàrá ńlá náà, wọ́n sì ká aṣọ dúdú kúrò lójú fèrèsé kan kí atẹ́gùn lè wọlé. Ta ló máa ṣe eré náà lójú wọn? Kò sẹ́lòmíràn. Tún-un-wò nìkan ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà tí ilé ò fi ní ya. Ó mọ pákó tó ṣeé gbé àti èyí tó máa fò. Ó mọ igun tí kò yẹ kéèyàn yíjú sí kí kọ̀ǹpútà má baà wọ́. Ó jókòó, ó mú máòsì kọ̀ǹpútà, ó sì rìn. Ó fa igi yọ, òkìtì ya wálẹ̀ bí òkìtì gidi, àwọn àlejò mí kanlẹ̀. Ó gbé àga ka tábìlì, kò rì. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣàlàyé pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ yẹn.

Nígbà tí wọ́n dé àjà kẹta, ọ̀kan nínú àwọn olówò náà na ìka sójú kọ̀ǹpútà, ó béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

"Ìyàwó, ṣí i fún wọn," Ẹ̀gbọ́n wí.

Tún-un-wò wo ọkọ rẹ̀ lápá ibi tó dúró sí. Ohun tó kù kò ju kí ó jẹ́ kí èjìká kan kọ́bọ́ọ̀dù àárín. Kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan. Kọ́bọ́ọ̀dù á bá a sọ ọ́, gbogbo ayé á rí i, wọ́n á sì ní géèmù ló ṣẹ̀, kì í ṣe ìyàwó ilé. Ó ro ìyẹn, ó sì rò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó bẹ ẹni inú géèmù mọ́lẹ̀, ó mú un rìn gẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó na ọwọ́ mú okùn, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde láìkan nǹkankan. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra lójú gbogbo èèyàn, ohun tí kò ṣe rí. Tún-un-wò dìde, ó lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀.

Géèmù jáde. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́sí kọ ọ́ pé ọwọ́ inú Àbáyọ kò lè gbé ife, pé ilé tó wó náà sàn ju géèmù lọ. Nọ́ńbà tẹlifóònù kan wà lẹ́yìn páálí fún ẹni tó bá níṣòro, Tún-un-wò ni wọ́n sì ní kó máa gbé e. Gbogbo àwọn tó ń pè ló há, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé yàrá kan náà ni. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n ní kó máa sọ ni pé kí wọ́n ní sùúrù, kí wọ́n tún gbìyànjú, torí kò sí ọ̀nà kan pàtó nínú Àbáyọ. Ó ń sọ ọ́. Ahọ́n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, olùkọ́ kan pè, ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò bú u. Ó ní òun ti wà nínú yàrá yẹn láti àná. Ó ní òun ti to gbogbo àpótí, òun ti fi ọ̀pá gún gbogbo ibi tó ṣeé gún, òun sì gbádùn rẹ̀ pàápàá, nítorí òun ò rí géèmù tí nǹkan ti ń wúwo báyìí rí. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bínú," ó wí. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé ọ̀nà wà níbẹ̀?"

Tún-un-wò gbé tẹlifóònù lọ sí etí kejì.

"Kò sí, sà," ó wí. "Ẹ má wá a mọ́. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀. Àwa la ò ṣe é dáadáa."

Olùkọ́ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí Tún-un-wò gbé tẹlifóònù kalẹ̀, ó yíjú padà, ó rí Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Kí àwọn àlejò tó wá."

"O sì wọ yàrá yẹn lójú wọn, o sì jáde."

"Ẹ ní kí n ṣí i ni, sà."

Ẹ̀gbọ́n fa àga kan, ó jókòó. Tún-un-wò ò tíì rí i kó jókòó sórí àga òṣìṣẹ́ rí. Ó béèrè bóyá àbúrò òun náà mọ̀. Tún-un-wò wolẹ̀, ìyẹn náà sì ti tó ìdáhùn. Ẹ̀gbọ́n béèrè ohun tó dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun.

"Ayàwòrán sọ fún yín," obìnrin náà wí. "A rí bó ṣe dùn yín tó. Kò tún sẹ́ni tó fẹ́ dùn yín bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀, ó nu eruku ibẹ̀ títí tó fi mọ́. Ó dìde, ó ní kó kú iṣẹ́, ó sì jáde.

Kò lé ẹnikẹ́ni, kò jà. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn olówò, ó ti iṣẹ́ náà pa, ó fi yàrá ìsàlẹ̀ yá ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí àbúrò àti ìyàwó rẹ̀ máa gbé lókè, níbo ni wọ́n tún fẹ́ lọ? Oore náà wá nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ Tún-un-wò gbé kọ̀ǹpútà kan gòkè, ó gbé e sí igun yàrá, ó sì ń bá àtúnṣe Àbáyọ lọ. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Tún-un-wò ti padà sílé iṣẹ́ aṣọ. Bó bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́, á bá a níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á ní, "Wá bá mi wọ yàrá yìí wò, ó dà bíi pé ó ti gbọ́." Obìnrin náà á jókòó, á wọ̀ ọ́, kọ́bọ́ọ̀dù á gbọ̀n.

Ìgbà kan wá tí kò jókòó. Báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká.

"Mi ò wọ̀ ọ́ mọ́," ó wí. "Mo ti rí ilé kan lẹ́bàá ibi iṣẹ́ mi. Yàrá méjì ni, ó ní fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká máa gbé."

Ọkọ rẹ̀ ní òun á bi Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò bi í. Òmíràn tún kọjá. Obìnrin náà bá wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ kan ilẹ̀kùn Ẹ̀gbọ́n, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun ń kó lọ, pé kò sí ìjà, pé òun dúpẹ́.

"Àbúrò mi ńkọ́?"

"Mo ti sọ fún un, sà. Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí, ó ní kó dìde. Ó ní kó mú tábìlì kan lára àwọn tí wọ́n kó jáde nísàlẹ̀ dání, nítorí ilé tuntun kì í ní tábìlì.

Ó kó lọ. Àwọn aládùúgbò tuntun bi í bóyá ó kọ ọkọ ni, ó ní rárá o, ọkọ òun ń bọ̀ lọ́nà ni, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́: ọ̀nà wo ló jìn tó bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ Àìkú ni ọkọ rẹ̀ máa ń wá. Á jẹun, á jókòó sójú fèrèsé, á wo àwọn tó ń kọjá, á sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí Ẹ̀gbọ́n má baà rò pé òun náà ti lọ. Nígbà mìíràn, á sọ fún un nípa kọ́bọ́ọ̀dù, obìnrin náà á sì gbọ́, kò ní dá a lẹ́kun.

Ọjọ́ Àìkú kan wá, òjò ń ṣú, ọkọ rẹ̀ dìde láti lọ, ó wo ojú ọ̀run, ó tún jókòó. Òjò ọ̀hún ò rọ̀. Ilẹ̀ ṣú, kò dìde. Nígbà tí Tún-un-wò ń múra ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn, irun rẹ̀ rí wúruwùru, ó ń bi í níbi tí wọ́n ti ń pọn omi ládùúgbò náà.